Ẹ ṣọ́ra fún amplifier inú búùtù ọkọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó ẹ̀rọ orin àtijọ́ jọ bíi tèmi, tí owó ọwọ́ yín ò sì tó nǹkan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. ₦185,000 ni ọmọ gbájúẹ̀ kan gbà lọ́wọ́ mi l'Ékòó, ó sì ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá Sansui AU-717, amplifier àtijọ́ kan, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á mọ̀ ọ́n: 1977 ló jáde, wáàtì 85 ló ń gbé fún etí kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ sì dúdú bíi kóró iṣin. Bàbá mi fi àwo Haruna Ishola àti Ayinla Omowura sílẹ̀ fún mi, àpótí méjì kún dẹ́nu, mo sì ti búra pé mi ò ní fi sípíkà kékeré inú ilé gbọ́ wọn. Ni mo bá rí ọkùnrin kan tó máa ń gbé ọjà tòkúnbọ̀ sí status WhatsApp rẹ̀. Kò ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní Ìlú Ọba lòun ti ń kó wọn wọlé, pé inú búùtù ọkọ̀ lòun ti ń tà wọ́n kí owó ṣọ́ọ̀bù má baà gun orí ọjà. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí létí. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti sá.

Ilé epo kan la ti pàdé, ilẹ̀ ti ń ṣú. Kí n tó dé, ó ti so ẹ̀rọ náà mọ́ inverter kékeré kan àti sípíkà méjì nínú búùtù. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi etí ara yín gbọ́ ọ.” Ó yọ fóònù rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, fújì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Mo gbé ẹ̀rọ náà wò, ó wúwo dáadáa. Gbogbo wa la mọ̀ pé ìwúwo la kọ́kọ́ fi ń dá ojúlówó mọ̀, ọkàn mi bá balẹ̀. Ó tún ní, “Mo ti bá yín fi Bluetooth sí i, ẹ ò ní san nǹkan kan lé e.” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀! Mo tiẹ̀ ṣàdúrà fún un. Kò sí Bluetooth láyé lọ́dún 1977, bẹ́ẹ̀ ni kò wá sí mi lọ́kàn láti béèrè ohun tó yọ kó tó ráyè fi í síbẹ̀.

Nígbà tí mo délé, mo so ó mọ́ sípíkà tèmi, mo gbé àwo lé ẹ̀rọ, mo yí bọ́tìnnì sí phono, ìyẹn ẹnu ọ̀nà àwo. Kẹ́kẹ́ pa. Mo yí i sí aux, ti ẹ̀rọ mìíràn, kò dún. Mo yí i sí tuner, ti rédíò, bákan náà. Bluetooth nìkan ló ń jẹ́ ìpè, kò sì tíì dé ìdajì tí ohùn fi há bíi ti ẹni tí ọ̀fìnkìn ń dà láàmú tó tún ń polówó ẹ̀kọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo gbé e lọ bá bàbá atúnrédíòṣe kan ní Mushin. Bàbá ò tiẹ̀ kì í bọ iná. Wọ́n dojú ẹ̀ dé, wọ́n mì í díẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí wọ́n tú ìdérí rẹ̀, ara mi tutù. Tiransifọ́mà ńlá ti lọ. Irin tó ń gba ooru lára tiransístọ̀ ti lọ. Àwọn kápásítọ̀ tó yẹ kó tóbi tó agolo mílíìkì ti lọ. Bọ́ọ̀dù kan tí kò ju páálí ìṣáná lọ ló wà ní kọ̀rọ̀, ṣájà kọ̀ǹpútà alágbèéká wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ègé irin kan, irú èyí tí àwọn wẹ́dà máa ń jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ni wọ́n fi rọ́bà táyà dì mọ́lẹ̀ kó má baà máa ró. Òun ni ìwúwo tí mo gbé nílé epo. Bàbá ní kọ́pà tiransifọ́mà yẹn ti wọ orí òṣùwọ̀n tipẹ́, àwọn nǹkan yòókù sì ti di ara ẹ̀rọ ẹlòmíràn. “Awọ ni wọ́n tà fún ẹ, ọmọ mi. Wọ́n ti jẹ ẹran.”

Mo pe ọkùnrin náà. Ó ní ọkọ̀ òkun ló mì í. Mo ní ṣé ọkọ̀ òkun náà ló di irin mọ́ inú rẹ̀? Ó pa fóònù, ó sì dí mi pa lórí WhatsApp.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àwọn tó kù tí mo ti fi ojú ara mi rí, torí irú wọn ò tán. Ọjọ́ yẹn náà ló gbé sípíkà méjì tó tóbi jáde fún mi. Fóòmù tó yí woofer, ìyẹn sípíkà ńlá tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀, ká ń dán, ó ń kọ mànà. Mo fi ìka kàn án, ìka mi di dúdú: póòlíṣì bàtà! Fóòmù àwọn sípíkà ọdún 1970 sí 1990 máa ń jẹrà fúnra rẹ̀, ooru àti ọ̀rinrin tiwa níbí sì ń bá a yára sí i. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́. Bó bá ń rún bí ìyẹ̀fun, ó ti kú nìyẹn. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ o, wọ́n ń pààrọ̀ fóòmù, àmọ́ ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò lára iye tí ẹ máa san. Èyí tí etí rẹ̀ jẹ́ rọ́bà tàbí aṣọ máa ń pẹ́ jù ú lọ.

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Ti Japan 100V ni, ti Amẹ́ríkà 120V, iná tiwa sì ń lọ sí 230 tàbí 240. Àwọn kan ti ń lẹ bébà “220V” mọ́ ọn. Ẹ fi èékánná họ ọ́, ẹ ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ mìíràn ní ibi tí wọ́n ti ń yí i padà lẹ́yìn. Èyí tí kò bá ní, ẹ máa ra step-down, ìyẹn tiransifọ́mà tó ń dín iná kù, kó sì lágbára ju iye tí ẹ̀rọ ń jẹ lọ.

Ẹ̀yin onísinimá ilé, ẹ má jẹ́ kí “5000W PMPO”, iye agbára àfẹnusọ tí wọ́n fi ń polówó ọjà níwájú páálí, kó sí yín lórí. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ẹ wo iye iná tó ń jẹ. Bí wọ́n bá kọ 90W síbẹ̀, níbo ni 5000 ti fẹ́ wá? Bó bá ṣe receiver (amplifier tó ní rédíò nínú) ni, ẹ mú waya HDMI yín, èyí tó ń gbé àwòrán àti ohùn, dání pẹ̀lú nǹkan tí ẹ máa so mọ́ ọn, torí rédíò nìkan ni ẹni tó mọ̀ pé HDMI rẹ̀ ti kú máa fi hàn yín. Mo ra irú rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá kan tó ní ṣọ́ọ̀bù, òun fúnra wọn ló sọ fún mi pé HDMI ò ṣiṣẹ́, wọ́n sì bá mi dín owó rẹ̀ kù. Waya optical, èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ohùn, ni mo fi so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ohùn fíìmù onísípíkà mẹ́fà tí wọ́n ń pè ní Dolby Digital 5.1 ń wọlé geere. Oníṣòwò gidi ṣì wà.

Ní báyìí, sukurudiráfà ni mo kọ́kọ́ ń kì sápò. Ẹni tó bá ní kí n má ṣí ìdérí, ó dàárọ̀. Mo ń gbé CD player àti waya tèmi lọ, mi ò gba fóònù ẹlẹ́ni. Gbogbo ẹnu ọ̀nà ni mo ń dán wò, etí ọ̀tún, etí òsì. Kí n tó so sípíkà, mo ń fi mítà wọn iná DC tó ń jò jáde níbi tí wọ́n ń so sípíkà mọ́ lẹ́yìn amplifier: bó bá ti ju nǹkan bíi 50 millivolt lọ, mo ń fura, bó bá wá jẹ́ odindi volt, woofer ló máa jó.

Àbúrò mi ṣì ń rí status ọkùnrin náà. Lánàá, ó gbé Marantz àtijọ́ kan síbẹ̀, ó dán gbinrin. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Ó ní Bluetooth.”