Ọ̀gá tó tún òrùlé wa ṣe ní Houston: etí òrùlé ló kọ́kọ́ wò

Ẹni tó bá ń gbé Houston mọ oòrùn oṣù Keje. Yàrá àwọn ọmọ wa tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kì í tutù. AC á máa ké látàárọ̀ dalẹ́, owó iná á máa ga, síbẹ̀ àwọn ọmọ á gbé ìrọ̀rí wá sùn sí pálọ̀. Ooru inú àjà ló ń sọ̀kalẹ̀ lé wọn lórí. Lọ́sàn-án, inú àjà níhìn-ín lè gbóná tó 130 Fahrenheit, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn tí a kọ́kọ́ pè ní ká ra fáànù oníná sórí òrùlé. Wọn ò gun àkàbà, wọn ò wo nǹkan kan, wọ́n kàn dárúkọ owó. Ọkọ mi kọ̀, ó sì ṣeun. Irú fáànù bẹ́ẹ̀, bí kò bá rí afẹ́fẹ́ fà láti etí òrùlé, inú ilé ni yóò ti máa fà á, AC tí ẹ sanwó iná rẹ̀ á sì máa gba ihò sílíìn sá lọ.

Ọ̀gá tí ọ̀rẹ́ wa kan ní ṣọ́ọ̀ṣì júwe fún wa yàtọ̀ gan-an. Etí òrùlé ló kọ́kọ́ lọ wò lábẹ́, níbi tí ihò soffit tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú àjà wà. Ó ní kí n tẹ̀ lé òun wọ inú àjà kí n fojú ara mi rí i. Òwú insulation, èyí tó ń dènà ooru, tí wọ́n fi ẹ̀rọ fẹ́ síbẹ̀ ti dí àwọn ihò náà pa. Àwọn mìíràn sì rèé, ọ̀dà ló dí wọn láti ìta. Ṣé ẹ mọ agolo mílíìkì? Ihò méjì là ń lu sí i, ọ̀kan kí mílíìkì jáde, ọ̀kan kí afẹ́fẹ́ wọlé. Àjà wa kò ní ihò kejì.

Ó kó òwú náà sẹ́yìn, ó kan pèlébé fóòmù sáàárín àwọn igi òrùlé kí òwú má baà tún padà dí ihò. Lẹ́yìn náà ló la ṣóńṣó òrùlé gbọọrọ, ó sì fi ridge vent bò ó, ìyẹn ìbòrí tó ń jẹ́ kí ooru jáde. Ibi tó wú mi lórí jù ni pé ó yọ àwọn turbine àtijọ́, ìyẹn fáànù tí atẹ́gùn ń yí lórí òrùlé, ó dí ojú wọn, ó fi shingle tí wọ́n fi ń bo òrùlé bò ó. Mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè pọ̀. Ó ní rárá o, ara ridge vent tó wà nítòsí ni turbine yóò ti máa fa afẹ́fẹ́, ti ìsàlẹ̀ kò ní gòkè mọ́, òjò pàápàá lè bá a wọlé. Ó ṣírò rẹ̀ sórí páálí: fún gbogbo 150 square feet ilẹ̀ àjà, kí ihò afẹ́fẹ́ tó 1 square foot, kí ti ìsàlẹ̀ má sì kéré sí ti òkè.

Àwọn ọmọ ti padà sókè. Yàrá náà ṣì máa ń móoru díẹ̀ lọ́sàn-án, àmọ́ AC ń sinmi báyìí.

Ohun kan tí n kò fẹ́: àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fi ìṣó sílẹ̀ nínú koríko, níbi tí àwọn ọmọ ti ń sáré. Mo pè é, ó fi irin òòfà padà wá ṣà á, kò bá mi jiyàn. Owó rẹ̀ kò kéré o, ṣùgbọ́n ó tọ́ sí i. Bí ẹ bá fẹ́ kó wá wo tiyín, ẹ ní kó wá ní kùtùkùtù. Kò sẹ́ni tó yẹ kó wọ àjà Houston lọ́sàn-án gangan.