Igbó Ọ̀ṣun àbí omi Erin-Ìjẹ̀ṣà: èwo ni ká gbé àwọn ará òkè òkun lọ?

Kérésì ti ń bọ̀ nìyẹn, àwọn tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀ á tún ní àwọn fẹ́ lọ bíìṣì. Bíìṣì wo l'Óṣogbo? Èkó jìn jàre, gósiló ọ̀nà yẹn nìkan á ti jẹ ọjọ́ yín tán.

Igbó Ọ̀ṣun wà nínú ìlú níbí, ẹ gun ọ̀kadà ẹ ti débẹ̀. Hẹ́kítà 75 ni, UNESCO ti kà á mọ́ ogún àgbáyé láti 2005, ìrìn ibẹ̀ ò le, màámi àgbà gan-an lè rìn ín jẹ́jẹ́ lábẹ́ igi kí wọ́n máa wo àwọn ère ńláńlá tí Susanne Wenger, òyìnbó oníṣọ̀nà ará Austria tá a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà wa, àtàwọn oníṣọ̀nà ìlú jọ mọ. Àwọn ọ̀bọ ibẹ̀ ò bẹ̀rù èèyàn o, ẹ di bisikíìtì mọ́wọ́ kẹ́ ẹ wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè lúwẹ̀ẹ́, ẹ ò lè pẹja, odò Yèyé ni.

Ẹni tó bá fẹ́ fomi ṣeré, kó kọjá sí Erin-Ìjẹ̀ṣà. Ìpele méje ni omi Olúmirin, ìyẹn omi tó ń já bọ́ látorí àpáta níbẹ̀, ní, ti àkọ́kọ́ rọrùn, látibẹ̀ lọ sókè lorúnkún á bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́, òkúta ń yọ̀, ẹ má wọ sílípáàsì lọ. Omi yẹn tutù bíi yìnyín!

Tọ́mọdé bá pọ̀ nínú mọ́tò, Erin-Ìjẹ̀ṣà lèmi á mú. Tó bá jẹ́ mọ́mì àti dádì, Igbó Ọ̀ṣun ni, láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, kẹ́ ẹ sì mú kéèṣì dání torí kámẹ́rà lówó tiẹ̀ lọ́tọ̀.