Fífọ wúrà odò: àwo ni àbí àpótí?

Wúrà fi nǹkan bí ìlọ́po 19 wúwo ju omi lọ; yanrìn lásán ò tó ìlọ́po 3. Ìyàtọ̀ yìí náà ni àwo àti àpótí, ohun èlò méjì tí a fi ń fọ wúrà kúrò nínú yanrìn odò, jọ ń lò.

Ti àwo rọrùn láti bẹ̀rẹ̀. O bu òkúta wẹ́wẹ́ sí i, o rì í sínú omi, o mì í kí wúrà lè rọ̀ sísàlẹ̀, o wá dẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí omi gbé èyí tó fúyẹ́ lọ. Tó bá ku yanrìn dúdú díẹ̀, rọra yí i: wúrà á fà sẹ́yìn bí ìlà tín-ín-rín. Omi díẹ̀ ti tó o. Ẹ̀yìn nìkan ló máa ń ro èèyàn!

Àpótí ní tiẹ̀ gùn gbọọrọ, ó dà gẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ìdábùú (àwọn ọ̀pá tó dábùú ọ̀nà omi) sì wà nínú rẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Bí o ṣe ń fi ṣọ́bìrì da erùpẹ̀ sí i ni omi ń gbé e lọ, tí wúrà ń há sẹ́yìn ìdábùú. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ ju ti àwo lọ fíìfíì, àmọ́ ó fẹ́ omi tí kì í dáwọ́ dúró. Tí àpótí bá dà gẹ̀rẹ̀ jù, wúrà á bá omi lọ. Tí kò bá dà gẹ̀rẹ̀ tó, yanrìn á dí i pa. Amọ̀ tún burú jù: tí o kò bá fọ́ ọ kúnná, á máa yí gbirigbiri lọ, á sì lẹ̀ mọ́ wúrà jáde.

Lójú tèmi, àwo ni kí o fi wá ibi tí wúrà wà, kí o tó gbé àpótí débẹ̀. Ohun tí o bá gbọ̀n kúrò lára kápẹ́ẹ̀tì, inú àwo náà ló ń padà sí.