Píráámídì ọjọ́ orí: Niger àti Japan

Ẹ gbé píráámídì ọjọ́ orí Niger àti ti Japan (àwòrán tó ń fi iye èèyàn tó wà ní ọjọ́ orí kọ̀ọ̀kan hàn) síra wọn, ọkùnrin lápá òsì, obìnrin lápá ọ̀tún, ọmọ ọwọ́ nísàlẹ̀, arúgbó lókè. Ti Niger fẹ̀ gan-an nísàlẹ̀, òkè ẹ̀ wá rí ṣóńṣó, torí nǹkan bí ìdajì àwọn èèyàn ibẹ̀ ni ò tíì pé ọdún 15. Ìyẹn ò le kà.

Ti Japan ló dùn ún wò jù lójú tèmi o. Ìsàlẹ̀ ẹ̀ ti rù, òkè ló wú, àwọn tó ti lé ní 65 ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ, ẹ máa rí ibi tó yọ gọngọ, àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì nìyẹn, 1947 sí 1949, ẹ tún máa rí ibi tó já wọnú lójijì ní 1966, ọdún tí wọ́n ń pè ní ọdún ẹṣin oníná nínú kàlẹ́ńdà àtijọ́ wọn, wọ́n gbà pé ọmọbìnrin tí wọ́n bá bí lọ́dún yẹn máa le mọ́ ọkọ, ni ọ̀pọ̀ tọkọtaya bá láwọn ò bímọ (ìgbàgbọ́ lásán o!).

Niger ń wá sùkúù, Japan ń wá ẹni tó máa san owó pẹ́ńṣàn. Àmọ́ ẹ má rò pé ikú nìkan ló sọ òkè Niger di ṣóńṣó, ọmọ tí wọ́n ń bí tó ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún ló fà á jù.