Ẹ̀rọ Àyẹ̀wò Èémí Awakọ̀: Ohun Tí Ó Lè Ṣe àti Ibi Tí Agbára Rẹ̀ Pin

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, tí ó ní bọ́ọ̀sì tí ń ná Ìbàdàn sí Èkó, ti lo oríṣi méjì nínú ẹ̀rọ kékeré tí awakọ̀ ń fẹ́ èémí sí kí a lè mọ bí ọtí ṣe pọ̀ tó lára rẹ̀. Èyí tí owó rẹ̀ fúyẹ́, tí ó ń lo semiconductor (èròjà kékeré tí iná inú rẹ̀ ń yí padà bí èémí ọtí bá kàn án), kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá, nítorí pé ohun mìíràn tí kì í ṣe ọtí lè tàn án jẹ, títí kan èémí àwọn kan tí àtọ̀gbẹ ń bá jà. Èyí tí ó ń lo fuel cell (èròjà tí ń sọ ọtí inú èémí di iná mànàmáná díẹ̀ kí a lè wọ̀n ọ́n) wọ́n jù ú lọ dáadáa, ṣùgbọ́n òun ni mo lè fọkàn tán, bí a bá ń tún ìwọ̀n rẹ̀ yẹ̀ wò ní àkókò tí àwọn tó ṣe é là sílẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára rẹ̀ ni pé ó ń parí àríyànjiyàn. Àwọn awakọ̀ a máa sọ pé, "Ọ̀gá, oògùn jẹ̀díjẹ̀dí ni mo mu, n kò fẹnu kan ọtí." Ṣùgbọ́n paraga, egbò àti ewé tí a rẹ sínú ògógóró, ọtí ni, ẹ̀rọ yìí kò sì bìkítà nípa orúkọ tí a pè é. Òfin Nàìjíríà kò gbà kí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ awakọ̀ ju mílígíráàmù 50 nínú mílílítà 100 lọ. Ẹ ṣọ́ra níbí: ẹ̀rọ èémí tó ń fi ìwọ̀n ti ẹ̀jẹ̀ hàn yóò kọ ọ́ ní 0.05 (gíráàmù nínú mílílítà 100), èyí tó ń fi ti èémí hàn yóò sì kọ nǹkan bí 0.25 (mílígíráàmù nínú lítà èémí kan). Kí awakọ̀ sì dúró fún ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn tí ó bá mu nǹkan tàbí tí ó fi oògùn fọ ẹnu, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọtí tí ó kù lẹ́nu yóò mú kí iye náà ga ju bó ṣe yẹ lọ.

Àbùkù rẹ̀ kò kéré. Ọtí tí ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ mu kì í tíì wọ ẹ̀jẹ̀ tán. Awakọ̀ lè yege ní ẹnu ọ̀nà gáréèjì, kí ọtí náà sì máa gun òkè lára rẹ̀ nígbà tí ó bá ti dé ojú títì márosẹ̀. Ẹ̀rọ kò sì rí ọtí inú ọ̀rá tí ó fi sápò. Ìdí nìyí tí ó fi dùn mí pé lẹ́yìn tí NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin de ọtí inú ọ̀rá ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2024, wọ́n tún sún àkókò síwájú títí di òpin 2025. Ìtanràn 5,000 náírà tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ń gbà kò tó láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni.

Ní New South Wales, ní Ọsirélíà, láti oṣù Kejìlá ọdún 1982 ni ọlọ́pàá ti ń dá awakọ̀ èyíkéyìí dúró láti yẹ èémí rẹ̀ wò láìròtẹ́lẹ̀, ikú ojú pópó sì dín kù gidigidi, nítorí pé kò sí awakọ̀ tí ó mọ ibi tí wọn yóò ti bá òun. Àwa náà ti fi kún àyẹ̀wò gáréèjì: a ń ṣe òmíràn ní Ògèrè láìkéde. Mo gba àwọn tó ní bọ́ọ̀sì níyànjú láti ra oníf​uel cell, kí awakọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ike ìfẹnusí tirẹ̀, kí wọ́n sì lé àtẹ ọtí kúrò nínú ọgbà gáréèjì wọn. Èyí tó wà ní òdìkejì títì, ìjọba ìbílẹ̀ ló lè kó o.