Ohùn Sinimá Yíká Nínú Hẹ́dífóònù: Èwo Nínú Àwọn Ẹ̀rọ Yìí Ló Yẹ Yín?

Kì í ṣe gbogbo ilé ló gba sípíkà ńlá. Ọmọ OOU tó bá ẹlòmíì pín yàrá l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè kò lè máa fi ìró ìbọn jí onítọ̀hún ní aago méjì òru, ìyálọ́mọ ní Ṣágámù tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn kò sì ní gbà á. Hẹ́dífóònù ló kù. Iṣẹ́ àwọn ẹ̀rọ tí mo fẹ́ fi wéra ni kí ohùn fíìmù dà bí èyí tó ń ti ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ àti òkè orí wá, láti inú hẹ́dífóònù olójú méjì péré.

Kí ẹ tó yọ owó, kí lẹ ń wò? Fíìmù Yorùbá orí YouTube, ohùn ọ̀tún àti òsì nìkan ló wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ wọn. Ohùn ẹ̀yìn tí wọn ò fi síbẹ̀, kò sí ẹ̀rọ tó máa fà á jáde. Bó bá jẹ́ ìyẹn nìkan lẹ ń wò, ẹ fi owó ra hẹ́dífóònù gidi, ó tán. Netflix àti díìsì Blu-ray ló ń gbé 5.1 (ohùn tó ní ti iwájú àti ti ẹ̀yìn) àti Atmos (èyí tó fi ti òkè orí kún un) wá, àmọ́ Atmos ti Netflix, àfi bí owó oṣù yín bá jẹ́ ti Premium.

Ẹni tó ń fi laptop wò ó ni nǹkan rọ̀ fún jù. Windows Sonic ti wà nínú Windows 10 àti 11 lọ́fẹ̀ẹ́. Inú Settings, níbi Sound, lẹ ó ti tàn án. Dolby Atmos for Headphones ń gba owó, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lójú tèmi ó ju Sonic lọ, pàápàá bí òjò tàbí bàálù bá wà lókè, àmọ́ ti ọ̀fẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́.

Nínú àwọn tí à ń so mọ́ ẹ̀rọ, ẹ wo méjì tí ilé-iṣẹ́ Creative ṣe. SXFI Amp kò ju ìka ọwọ́ lọ, ihò USB-C ló ń wọ̀. Áàpù rẹ̀ á ní kí ẹ ya fọ́tò etí yín méjèèjì àti ojú yín. Kì í ṣe eré o. Bí etí kálukú ṣe ká ni ọpọlọ rẹ̀ fi ń mọ ibi tí ohùn ti wá, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ kan fi lè dùn létí ọkọ kí ìyàwó ní òun ò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan. Sound BlasterX G6 kì í wo etí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó ní ihò optical (èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ohùn), ó sì ń tú Dolby Digital, irú ohùn 5.1 kan, nítorí náà ó bá tẹlifíṣọ̀n ṣe. Ihò yẹn kéré. Ẹ ra wáyà optical tí orí rẹ̀ kan kéré. Èmi, G6 ni n ó mú.

Optical kò lè gbé Atmos, 5.1 ló mọ. Ẹni tó bá fẹ́ ohùn òkè orí lára tẹlifíṣọ̀n, HDMI ni kó wá. JVC XP-EXT1 ní i, ó sì ní máíkì nínú hẹ́dífóònù rẹ̀ tó ń wọn etí ẹni, àmọ́ hẹ́dífóònù tirẹ̀ nìkan ló ń bá ṣiṣẹ́. Realiser A16 ti Smyth Research ni ọ̀gá: ẹ ó ki máíkì kékeré bọ etí, ẹ ó jókòó sáàárín sípíkà gidi, á sì ṣe àdàkọ yàrá yẹn fún yín, bí ẹ bá yí orí, ohùn ò ní tẹ̀ lé yín. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni. Owó aṣọ Ojúde Ọba ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn.

Èyíkéyìí tí ẹ bá so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ẹ wo ètò ohùn rẹ̀: bó bá wà lórí PCM, apá méjì ni optical máa gbé. Ẹ yí i sí Bitstream tàbí Pass-through. Ẹ má sì tan ohùn yíká níbi méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Hẹ́dífóònù Bluetooth sábà máa ń pẹ́ lẹ́yìn. Òṣèré á ti panu dé kí ọ̀rọ̀ tó dé etí. Hẹ́dífóònù tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ máa ń dùn jù, àmọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ò ní jẹ́ kí ẹ jayé orí ẹ̀.

Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, yálà n'Ijẹ̀bú-Òde tàbí Computer Village, ẹ dijú gbọ́ ọ fúnra yín. Ohùn ẹ̀yìn kò ṣòro fún wọn. Iwájú ni kí ẹ fetí sí: ṣé ọ̀dọ̀ òṣèré tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n ni ọ̀rọ̀ ti ń wá, àbí inú agbárí yín ló há sí? Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ láti Japan, ẹ yí ṣájà rẹ̀ wò kí ẹ tó kì í bọ iná: èyí tí wọ́n kọ 100V nìkan sí lára máa jóná lórí iná tiwa.