Trail Ridge Road ní Colorado: ẹ tètè gbéra, ẹ má sì fi bíréèkì ṣeré

Ọ̀nà ọ̀dà méjì ló ga ju èyí lọ ní Colorado, ìyẹn ti Mount Blue Sky àti ti Pikes Peak, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ gbà gun wọ́n náà lẹ máa gbà sọ̀. Trail Ridge Road ní tirẹ̀ la òkè já láti Estes Park dé Grand Lake nínú Rocky Mountain National Park. Máìlì 48 ni. Góńgó rẹ̀ jẹ́ 12,183 ẹsẹ̀ bàtà, máìlì 11 nínú rẹ̀ sì kọjá ibi tí igi lè hù. Láti 1932 ni mọ́tò ti ń gbà á. Fún ẹni tó ní ọjọ́ kan péré láti wo òkè, òun la máa kọ́kọ́ dárúkọ.

Aago ló ń pinnu bóyá ìrìn náà á dùn. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, láti ìparí oṣù karùn-ún dé àárín oṣù kẹwàá, ẹni tó bá fẹ́ wọlé láàárín aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí méjì ọ̀sán gbọ́dọ̀ ti gba àyè sílẹ̀ lórí Recreation.gov, dọ́là méjì. Oríṣi àyè méjì ló wà: èyí tí kò ní agbègbè adágún Bear Lake nínú ti tó fún ọ̀nà yìí. Ẹni tó bá ti wọlé ṣáájú mẹ́sàn-án kò nílò rẹ̀ rárá, bó sì ṣe dára jù nìyẹn: ibi ìgbọ́kọ̀sí òkè ṣì ṣófo, àrá ọ̀sán kò tíì bẹ̀rẹ̀. Níbi tí kò sí igi, ènìyàn ló ga jù lójú mànàmáná. Owó ẹnubodè jẹ́ $30 fún mọ́tò kan lóòjọ́. Láti 2026, àlejò tí kì í ṣe olùgbé Amẹ́ríkà, tó ti pé ọdún 16, tí kò sì ní káàdì ọlọ́dún, ń san $100 lé e. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ mú màmá àti bàbá yín bọ̀ láti ilé, ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó gbéra.

Ẹni tó bá ti Houston tàbí Èkó dé Denver láàárọ̀, tó sì gun òkè yìí lọ́sàn-án, orí fífọ́ àti èébì ló ń wá. Lókè yẹn, afẹ́fẹ́ tí à ń mí dín sí ti etí òkun ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹ sun Estes Park mọ́jú, ẹ mu omi púpọ̀, ẹ fi ọtí sílẹ̀. Tó bá ti mú yín, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kò sí oògùn tó yá jù bẹ́ẹ̀. Àwọn tí jínótáìpù wọn jẹ́ SS tàbí SC gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí dókítà, nítorí afẹ́fẹ́ tó kéré lè ta ìrora wọn jí. AS náà, bí ìhà òsì ikùn bá ń ro ó gan-an lókè, ilé ìwòsàn ni kó forí lé. Kò wọ́pọ̀, àmọ́ ó ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì, náà á rọ díẹ̀, ẹ má rò pé ó ti bàjẹ́. Kò sí ilé epo nínú ọgbà, nítorí náà ẹ rọ epo kún ní Estes Park. Ìsọ̀kalẹ̀ gan-an ló ń ba nǹkan jẹ́. Ọ̀nà náà kò dà ju ìdá 7 nínú 100 lọ, ṣùgbọ́n ó gùn. Ẹni tó bá gbẹ́sẹ̀ lé bíréèkì láti òkè délẹ̀, páàdì á gbóná, á máa rùn, ẹ óò sì tẹ̀ ẹ́ títí, ọkọ̀ ò ní fẹ́ dúró. Ẹ ti gbé jíà sí L tàbí 2 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Ẹ tẹ bíréèkì dáadáa fún ìgbà díẹ̀, ẹ tú u sílẹ̀, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Bó bá ti ń rùn, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kó tutù fúnra rẹ̀. Ẹ má da omi sí i.

Lẹ́yìn Rainbow Curve, ọ̀nà yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gbun Forest Canyon, àwọn ibì kan kò sì ní irin ààbò. Ẹni tí gíga ń bà lẹ́rù, kó ti Estes Park lọ sí Grand Lake, torí ẹ̀gbẹ́ òkè ni ọ̀nà tirẹ̀ máa wà níbẹ̀. Tó bá ń bọ̀, ọ̀gbun ló máa wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Nínú àwọn ibi ìdúró lójú ọ̀nà, Rock Cut la fẹ́ràn jù. Ẹ rìn díẹ̀díẹ̀, ẹ má kúrò lójú ọ̀nà, nítorí ewéko kékeré ibẹ̀ kì í tètè jí bí a bá tẹ̀ ẹ́. Ilé ìgbàlejò Alpine Visitor Center ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti oúnjẹ, àmọ́ ẹ gbé kúlà yín dání. Bí ọ̀rá ṣinṣín yín bá wú bíi bọ́ọ̀lù, ìyàtọ̀ afẹ́fẹ́ ni, kò bàjẹ́. Ẹ mú jákẹ́ẹ̀tì, kódà nínú oṣù keje.

Tí ìdẹ̀rùn bá wà, ẹ fi Old Fall River Road gòkè: òkúta wẹ́wẹ́, máìlì 11, gígun nìkan, máìlì 15 ní wákàtí kan. Oṣù keje ni wọ́n sábà máa ń ṣí i. Nínú oṣù kẹsàn-án, elk, ìbátan àgbọ̀nrín tó tóbi bíi màlúù, máa ń ké ní Horseshoe Park nírọ̀lẹ́. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 75 jìnnà sí i. Lẹ́yìn oṣù kẹwàá, yìnyín ti dí òkè, Many Parks Curve sì ni ọkọ̀ tó ti Estes Park wá ti ń yí padà.